Wọ́n ní ìkòkò ti tóbi sí i: ta ló di ìgbákọ mú?

Ní ọjọ́ ọjà Wàǹdó kan níbí ní Àjàṣẹ́, mo dúró ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ ìyá kan tí mo ti jẹ́ oníbàárà rẹ̀ láti ìgbà tí mo wà nílé ìwé. Rédíò kékeré tó gbé ka orí àpótí ń ka ìròyìn. Wọ́n ní ọrọ̀ ajé Bẹ̀nẹ̀, ilẹ̀ wa, ti dàgbà, ó ti fi ìdá 7 nínú 100 lé sí i. Ìyá to ẹ̀kọ mẹ́rin sínú ọ̀rá, ó gbójú sókè wò mí, ó ní: "Ọmọ mi, ìwọ lo kàwé. Ta ló wá dàgbà?"

Kí n tó lanu, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó sórí ọ̀kadà zémidjan rẹ̀ tó ń jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀ ti dá a lóhùn. Ó ní: "Ìyá, ẹnu ló pọ̀ jù nílùú yìí. Ẹni tó le ni kí wọ́n gbé síbẹ̀, ẹni tí ẹnikẹ́ni ò ní lè bi léèrè ọ̀rọ̀. Ẹ wo Ṣáínà. Ẹ wo Kòréà. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn."

Ìbéèrè méjì ló dé lẹ́ẹ̀kan náà. Èkíní: kí ló dé tí ọrọ̀ ajé fi ń dàgbà tí ọwọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kò fi tẹ nǹkan? Èkejì: ṣé òótọ́ ni pé ìjọba apàṣẹwàá ló ń tètè sọ ìlú di ọlọ́rọ̀, tó bá sì rí bẹ́ẹ̀, ta ló ń jẹ ọrọ̀ náà? Láti ìgbà tí àwọn ológun ti gba ìjọba ní Mali lọ́dún 2020, ní Burkina Faso lọ́dún 2022, àti ní Nìjẹ́ lóṣù keje ọdún 2023, kò sí ibi tí àwọn ọ̀dọ́ kóra jọ sí tí mi ò ti gbọ́ èkejì yìí. Ó yẹ ká fi sùúrù dá wọn lóhùn. Ebi àti ìtìjú àìríṣẹ́ ló ń bá wọn béèrè.

Kí ni wọ́n ń kà tí wọ́n fi ń sọ pé ọrọ̀ ajé dàgbà?

Ohun tí wọ́n ń kà ni gbogbo nǹkan tí a pèsè nílẹ̀ yìí láàárín ọdún kan, tí a sì fi owó díwọ̀n: òwú tí wọ́n ká ní àríwá, gàrí tí wọ́n yan ní Ṣábẹ, àgbàdo Kétu, sìmẹ́ǹtì, owó tí ẹ san fún zémidjan láàárọ̀, owó oṣù olùkọ́, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní èbúté Kútọnu. Wọ́n á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Àròpọ̀ yẹn ni àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní PIB. Wọ́n á wá yọ ti ọ̀wọ́n ọjà kúrò nínú rẹ̀, kí ó má baà jẹ́ pé ọjà kàn gbówó lórí ni a ń pè ní ìdàgbà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi wé ti èṣí.

Nítorí náà, ìròyìn rédíò yẹn kì í ṣe irọ́. Láti ọdún 2021 ni ọrọ̀ ajé Bẹ̀nẹ̀ ti ń fi ohun tó lé ní ìdá 6 nínú 100 dàgbà lọ́dọọdún, ó sì kọjá 7 nígbà mìíràn. Àmọ́ àwa náà ń pọ̀ sí i. Lọ́dọọdún, iye ènìyàn ilẹ̀ wa ń fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú 100 lé sí i, ẹnu tuntun yẹn sì ń jẹ nínú ìdàgbà náà kí ó tó kan àwọn tó ti wà nílẹ̀.

Ẹ ro ó bí ìkòkò agboolé. PIB ń sọ bí ìkòkò ṣe tóbi tó. Bí a bá mọ iye ènìyàn tó wà nínú agboolé, a lè sọ iye tí ì bá kan ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá jẹ́ pé ọgbọọgba ni wọ́n ń bu oúnjẹ. Àmọ́ kò sí agboolé tí wọ́n ti ń bù ú lọ́gbọọgba. PIB kò sọ ẹni tó di ìgbákọ mú, kò sì sọ ẹni tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ìkòkò ló ń há.

Báwo ni iṣẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i tí owó òṣìṣẹ́ kò kúrò lójú kan?

Ẹ jẹ́ ká wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan. Ọ̀gá kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn mẹ́rin tó ti gba òmìnira iṣẹ́, tí wọ́n ń bá a rán aṣọ kí wọ́n gbowó ọjọ́. Ká sọ pé lọ́dún tó kọjá, ilé ìwé kan gbé aṣọ 200 fún wọn. Lọ́dún yìí, ó gbé 300. Ṣọ́ọ̀bù yẹn ti dàgbà, ó sì fi ìdajì lé sí i. Ọ̀gá fi èrè ra ẹ̀rọ tó ń ya ọnà sára aṣọ. Ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn mẹ́rin ló mọ̀ ọ́n lò, ló bá ní kí wọ́n fowó kún owó òun, wọ́n sì fi kún un, torí bó bá lọ, ẹ̀rọ á dákẹ́. Àwọn mẹ́ta yòókù ń rán ju ti èṣí lọ, àmọ́ owó ọjọ́ wọn kò yí padà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sì ṣàròyé, ọ̀gá á tọ́ka sí ìta, níbi tí àwọn mẹ́wàá tó ń wáṣẹ́ dúró sí.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní àìdọ́gba owó iṣẹ́ kò ju èyí lọ. Àlàfo méjì ló wà nínú rẹ̀: èyí tó wà láàárín olówó iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́, àti èyí tó wà láàárín òṣìṣẹ́ kan àti òmíràn. Ìkejì máa ń gbòòrò nígbà tí iṣẹ́ bá nílò ìmọ̀ tí àwọn tó ní in kò pọ̀. Èkíní máa ń gbòòrò nígbà tí òṣìṣẹ́ kò bá lágbára láti dúnàá dúrà.

Ohun kan ṣì kù tó máa ń rú ènìyàn lójú. Owó tí a kà sọ́wọ́ yàtọ̀ sí ohun tí owó náà lè rà. Bí wọ́n bá fi 2,000 kún 40,000 sẹ́fà, tí iye owó gàrí, epo àti ilé sì fi ìdá 10 nínú 100 gòkè, ẹni tí wọ́n fowó kún owó rẹ̀ ti pàdánù 2,000 láìmọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí inú rẹ̀ gan-an ni ìjọba apàṣẹwàá kan ti rí ọ̀nà fọgbọ́n mú owó àwọn òṣìṣẹ́.

Irú ìjọba wo ni à ń pè ní apàṣẹwàá?

Ó lè jẹ́ ti ṣọ́jà, ó sì lè jẹ́ ti ẹni tó wọ agbádá. Ohun tí a fi ń dá a mọ̀ ni pé kò sí ọ̀nà tí ará ìlú lè gbà yọ ọ́, kò sí ilé ẹjọ́ tó lè sọ fún un pé ó ṣe àṣìṣe, kò sí ìwé ìròyìn tó lè tẹ ohun tí kò fẹ́, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò sì lè dá dúró. Àwa náà ti rí i rí. Ohun tí a rí lábẹ́ Mathieu Kérékou láti 1972 títí di 1990 nìyẹn, mo ń bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Bràsíl: níbi tí ìdàgbà ti pọ̀ jù lọ, tí òṣìṣẹ́ sì sùn lébi

Mo mú Bràsíl torí kò jìnnà sí wa. Àwọn Àgùdà tó kún ìlú wa, ibẹ̀ ni bàbá ńlá wọn ti padà wálé lẹ́yìn oko ẹrú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Àjàṣẹ́ ṣe bá Bràsíl tan, kí ó wo Mọ́sáláṣí Ńlá wa, bí ojú rẹ̀ ṣe jọ ṣọ́ọ̀ṣì ìpínlẹ̀ Bahia níbẹ̀.

Ní òpin oṣù kẹta ọdún 1964, àwọn ológun Bràsíl lé ààrẹ João Goulart kúrò. Ọ̀gágun márùn-ún ló jẹ ààrẹ tẹ̀ léra wọn títí di 1985. Láti 1968 sí 1973, bí a bá pín in dọ́gba, ọrọ̀ ajé wọn ń fi ohun tó lé ní ìdá 10 nínú 100 dàgbà lọ́dọọdún. Iṣẹ́ ìyanu ni gbogbo ayé ń pè é. Ọ̀nà tuntun la igbó kọjá, ilé iṣẹ́ mọ́tò ń hù ní agbègbè São Paulo, ilé gogoro ń yọrí.

Láàárín ìgbà kan náà, ohun tí owó oṣù tó kéré jù lọ lè rà lọ sílẹ̀ ju ti ìgbà tí àwọn ológun dé. Ní ọdún 1960, nínú gbogbo 100 owó tó ń wọlé fún àwọn ará Bràsíl, nǹkan bí 40 ló ń lọ sọ́wọ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá tó lówó jù. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 1970, ó ti di nǹkan bí 47. Ìdajì orílẹ̀-èdè tó tálákà jù ní nǹkan bí 17 tẹ́lẹ̀. Ó ti bọ́ sí 15. Ìkòkò tóbi, ìgbákọ sì wà lọ́wọ́ àwọn díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ará Bràsíl ṣì máa ń rántí láti ìgbà náà: wọ́n ní kí wọ́n jẹ́ kí àkàrà òyìnbó wú ná, kí wọ́n tó wá pín in.

Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Èyí ni apá tó yẹ ká dúró lé lórí, torí kò sẹ́ni tó gbé ìbọn wọ ilé òṣìṣẹ́ lọ gba owó.

Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n di ẹnu. Ìjọba yọ àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ó fi tirẹ̀ síbẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1964, òfin tuntun jáde tó mú kí ìyanṣẹ́lódì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé ṣe mọ́. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ Osasco, lẹ́bàá São Paulo, dán an wò lóṣù keje ọdún 1968, ṣọ́jà ni wọ́n rán sí wọn. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejìlá ọdún yẹn, ìjọba ti ilé aṣòfin pa, ó sì gba agbára láti máa mú ènìyàn láìsí ilé ẹjọ́ tó lè dá sí i.

Lẹ́yìn náà, wọ́n fi ìṣirò gba ipò ìdúnàá-dúrà. Ìjọba ló wá ń sọ iye tí wọ́n máa fi kún owó oṣù, wọ́n sì ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà ṣírò rẹ̀. Ara ohun tí wọ́n ń rò mọ́ ọn ni iye tí ìjọba fúnra rẹ̀ sọ tẹ́lẹ̀ pé ọjà máa fi wọ́n lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ fojú inú wò ó: ká sọ pé ìjọba ní ìdá 10 ni ọjà máa fi wọ́n, wọ́n sì gbé owó yín lé orí èyí. Ọjà wá fi ìdá 25 wọ́n. Ẹ ti pàdánù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, orí owó tó ti rù yẹn ni wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Láàárín ọdún mélòó kan tí ìjọba ń fojú kéré ọ̀wọ́n ọjà báyìí, owó òṣìṣẹ́ joro bí iṣu tí kò rí òjò. Kò sí ìwé ìròyìn tó lè pariwo, kò sì sí ẹgbẹ́ tó lè sọ pé àwọn ò gbà.

Èyí tó dùn mí jù ni ti 1973. Ní ọdún yẹn, iye tí ìjọba kéde fún ọ̀wọ́n ọjà kéré sí ohun tí àwọn obìnrin ń san lọ́jà. Gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n lára, àmọ́ kò sí ìwé tí wọ́n lè fi jà. Ọdún 1977 ni àṣírí tú, nígbà tí ìwé Báǹkì Àgbáyé kan tó ní iye gidi nínú jáde síta. Ilé ìwádìí kan tó jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fúnra wọn, DIEESE, jókòó ṣírò rẹ̀, wọ́n sì fi hàn pé ìdá 34.1 nínú 100 ló yẹ kí wọ́n fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ irin kí wọ́n tó lè rí ohun tí irọ́ yẹn jẹ gbà padà. Ìdá kan nínú mẹ́ta! Ẹni tó ti jí lówùúrọ̀ fún ọdún mẹ́rin, tó gun bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́, tó ń rò pé bóyá òun ni kò mọ owó ná.

Nọ́ńbà yẹn, 34.1, di ohun tí wọ́n ń kọ sára ògiri. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 1978, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù Scania ní São Bernardo, ní agbègbè São Paulo, wọ ibi iṣẹ́ bí ìṣe wọn. Wọ́n tẹ káàdì, olúkúlùkù lọ dúró nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Wọ́n ká apá lé àyà. Kò sẹ́ni tó tan ẹ̀rọ. Ìyanṣẹ́lódì náà ràn dé àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn, ọ̀kan nínú àwọn tó léwájú rẹ̀ sì ni Lula, ẹni tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ irin ibẹ̀, tó wá di ààrẹ Bràsíl lọ́dún 2003.

Ṣé àìkàwé ni kò jẹ́ kí wọ́n lówó?

Ìdáhùn tí àwọn alátìlẹ́yìn ìjọba yẹn fún ayé nìyẹn. Ọ̀mọ̀wé Bràsíl kan, Carlos Langoni, fi ìṣirò hàn pé ilé iṣẹ́ tuntun ń wá àwọn tó kàwé, wọn kò sì pọ̀, ìdí nìyẹn tí owó wọn fi fò sókè. Ará Amẹ́ríkà kan, Albert Fishlow, ní ọ̀nà tí ìjọba gbà di owó oṣù mọ́lẹ̀ ló fà á. Ẹ rántí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ wa: ẹni tó mọ ẹ̀rọ tuntun lò gba owó ńlá, òótọ́ ni. Langoni kò purọ́ níbẹ̀. Àmọ́ àìmọ ẹ̀rọ lò kọ́ ló dín ohun tí owó àwọn mẹ́ta yòókù lè rà kù. Ibi tí mo dúró sí nìyí: ìwé kíkà ń ṣàlàyé ìdí tí àwọn kan fi gòkè, kò ṣàlàyé ìdí tí àwọn tó wà nísàlẹ̀ fi rì nígbà tí ìkòkò ń kún sí i.

Kòréà àti Ṣáínà ńkọ́?

Ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́kadà yẹn ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ ìdáhùn tí kò lábòsí. Gúúsù Kòréà dàgbà lóòótọ́ lábẹ́ ọ̀gágun Park Chung-hee, ẹni tó gba ìjọba lọ́dún 1961 tí wọ́n sì pa lọ́dún 1979. Owó oṣù wọn náà gòkè, àìdọ́gba wọn kò sì tó ti Bràsíl rárá. Kí ló fà á? Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kí Park tó dé ni ká wò. Ní nǹkan bí 1950, ìjọba ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ ńlá, wọ́n pín in fún àwọn tó ń roko lórí rẹ̀. Àwọn ọmọ àgbẹ̀ wọ ilé ìwé lọ́pọ̀lọpọ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ wá dé, ogunlọ́gọ̀ ló ti ṣetán, kì í ṣe àwọn díẹ̀. Ní Bràsíl, ilẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ìdílé díẹ̀, ilé ìwé kò sì kárí. Ìjọba méjèèjì le koko. Orí ilẹ̀ tí wọ́n kọ́lé lé ni kò dọ́gba.

Síbẹ̀, ìrora wà nínú ti Kòréà tí àwọn tó ń yìn ín kì í sọ. Ní Ọjà Àlàáfíà ní Seoul, àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ fi pákó pín yàrá kan sí òkè àti ìsàlẹ̀ kí ẹ̀rọ ìránṣọ lè pọ̀ nínú rẹ̀. Òrùlé rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà kan àtààbọ̀ lọ. Àwọn ọmọbìnrin tí wọn kò ju ọ̀dọ́langba lọ ń rán aṣọ níbẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí 14 lójúmọ́, wọn kò lè nàró. Òfin iṣẹ́ wà nínú ìwé, kò sẹ́ni tó ń tẹ̀ lé e. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gé aṣọ níbẹ̀, Jeon Tae-il, kọ ìwé sí ìjọba títí, wọn kò gbọ́. Ní ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 1970, ó dáná sun ara rẹ̀ nínú ọjà náà, ó ń ké pé kí wọ́n tẹ̀ lé òfin iṣẹ́. Ọmọ ọdún 22 ni. Mo máa ń rántí rẹ̀ nígbà tí mo bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tí iná rẹ̀ ṣì ń tàn lálẹ́ ọdún. Nígbà tí ará ìlú Kòréà sì fi ipá mú ìjọba gba ìdìbò lóṣù kẹfà ọdún 1987, ìgbì ìyanṣẹ́lódì gba gbogbo ilẹ̀ náà láàárín oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, owó òṣìṣẹ́ sì yára gòkè.

Ṣáínà tóbi ju ohun tí a lè fi ìpínrọ̀ kan sọ tán lọ. Láti 1978, lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo, Báǹkì Àgbáyé ní nǹkan bí 800 mílíọ̀nù ènìyàn ló ti bọ́ lọ́wọ́ òṣì paraku. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ rọ́ ìyẹn sẹ́yìn. Àmọ́ àlàfo tó wà láàárín ẹni tó ní àti ẹni tí kò ní gbòòrò gidigidi láàárín ìgbà yẹn. Ìwé ìdílé kan wà tí wọ́n ń pè ní hukou: ọmọ abúlé tó lọ ṣiṣẹ́ nílùú ńlá ń kọ́ ilé gogoro ibẹ̀, ṣùgbọ́n torí pé abúlé ni ìwé rẹ̀ ti wá, ó máa ń ṣòro kí ọmọ rẹ̀ tó rí ilé ìwé ìjọba wọ̀ níbẹ̀, àǹfààní ilé ìwòsàn rẹ̀ kò sì dọ́gba pẹ̀lú ti ọmọ ìlú.

Ṣé apàṣẹwàá ló wá ń mú ọrọ̀ ajé dàgbà?

Ní Àjàṣẹ́, ní Kétu, ní Ṣábẹ, kò sí agboolé tí kò ní ẹni tó ti lọ sí Gàbọ̀n rí. Èyí tó gbé mọ́tò wálé, tó kọ́ ilé alájà, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n, gbogbo ọ̀dọ́ sì ń fẹ́ lọ nítorí rẹ̀. Àwọn tí omi òkun gbé lọ, àwọn tó gbé àrùn bọ̀, àwọn tí wọ́n lé padà lọ́wọ́ òfo, ẹnikẹ́ni kì í fi wọ́n júwe ọ̀nà. Bí a ṣe ń ka àwọn ìjọba apàṣẹwàá náà nìyẹn. Kòréà, Síngápọ̀ àti Ṣáínà ni mọ́tò tó dé. A kì í ka Mobutu, tó jókòó lórí Zaire láti 1965 sí 1997, tó fi í sílẹ̀ ní ahoro. A kì í sọ pé ní Chile lábẹ́ ọ̀gágun Pinochet, ọrọ̀ ajé já lulẹ̀ ju ìdá 10 lọ lẹ́ẹ̀mejì, ní 1975 àti ní 1982.

A kì í sì í ka ara wa. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 1972, Kérékou gba ìjọba. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo, rédíò kan ṣoṣo, ohùn kan ṣoṣo. Ní 1989, àwọn báǹkì ìjọba ti dẹnu kọlẹ̀. Ẹni tó ní owó níbẹ̀ kò rí i gbà. Olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba lo oṣù lórí oṣù láìgbowó. Àwọn tí wọ́n ti dàgbà nígbà náà ń sọ ọ́ títí dòní bí àwọn ìyàwó olùkọ́ ṣe ń fi aṣọ àpótí wọn ra àgbàdo. Ìlú tí kò sẹ́ni tó lè bi ọba léèrè ni, ìkòkò rẹ̀ sì gbẹ. Ìyanṣẹ́lódì àti ìwọ́de ló gbé wa dé Ìpàdé Àpapọ̀ Orílẹ̀-èdè ní Kútọnu lóṣù kejì ọdún 1990, tí Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ṣe alága rẹ̀.

Ìdìbò náà kì í ṣe oògùn gbogboǹṣe. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, nígbà tí ààrẹ tí a fúnra wa dìbò yàn wà lórí oyè, wọ́n gé iye sẹ́fà sí ìdajì sí owó Faransé, oògùn àti ìrẹsì tó ń ti òkè òkun bọ̀ sì gbówó lórí. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ lè jáde síta kí ó ní ó dun òun, ìjọba sì mọ̀ pé ọjọ́ ìdìbò ń bọ̀.

Àwa nílé yìí ńkọ́?

Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin gbà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní SMIG, jẹ́ 40,000 sẹ́fà lọ́dún 2014. Títí ọdún 2022 fi parí, kò kúrò níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọrọ̀ ajé kò ṣíwọ́ dídàgbà nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ló tó di 52,000, lẹ́yìn tí ìjọba àti àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti jọ jókòó. Láàárín ìgbà náà, òfin kan jáde lọ́dún 2018 tó ní ìyanṣẹ́lódì kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 10 lọ láàárín ọdún kan, tó sì kà á léèwọ̀ pátápátá fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Àwọn kan ní ó jẹ́ kí ilé ìwé máa lọ déédéé, mo sì mọ òbí tó dúpẹ́ nítorí rẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tí a bá ti ka ọjọ́ tó lè fi sọ̀rọ̀ fún, a ti dín agbára rẹ̀ nídìí ìkòkò kù.

Ẹ wo kajú Ṣábẹ náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ìjọba ní wọn kò gbọ́dọ̀ máa kó kajú tí a kò tíì ṣe jáde nílẹ̀ yìí mọ́. Ilé iṣẹ́ bí àwọn tó wà ní ọgbà ilé iṣẹ́ Glo-Djigbé ni kí ó máa pa á. Bí a bá pa á nílé, owó rẹ̀ á pọ̀ sí i, PIB á sì gòkè. Iṣẹ́ á wà fún àwọn ọmọ wa, ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ iye tí àgbẹ̀ Ṣábẹ máa rí nínú rẹ̀ dúró lórí bóyá oníbàárà méjì tàbí mẹ́ta ń du kajú rẹ̀, tàbí ẹnì kan ṣoṣo ló ń dá iye lé e. Iye tí ọmọbìnrin tó ń bó o máa gbà sì dúró lórí bóyá òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lè jókòó bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù pé wọ́n á lé wọn kúrò lọ́la.

Mo padà lọ sọ gbogbo èyí fún ìyá ẹlẹ́kọ. Ó gbọ́ ọ títí, ó sì bi mí bóyá 52,000 yẹn kan òun. Mo ní rárá, ìyá: àwọn tí ẹlòmíràn gbà síṣẹ́ ni SMIG wà fún, ẹ̀yin sì lẹ gba ara yín síṣẹ́, bíi ti ọ̀pọ̀ jù lọ nílẹ̀ yìí. Ó tọ́ka sí ọmọbìnrin tó ń bá a nu ewé, tó jókòó sórí àpótí lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Èyí tí mo ń san owó ọjọ́ fún yìí ńkọ́?" Mo ní nínú òfin, ó yẹ kí ó kan òun, àmọ́ kò ní ìwé tó lè fi béèrè rẹ̀. Ọmọ náà gbójú sókè wò wá, ó sì tún tẹ orí ba, ó ń nu ewé lọ.